Fiúsì Tí Mo Dá Padà ní Aké

Ọmọ àbúrò mi kan, tíṣà ni, ló ní kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì òun sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ó ní wọ́n ti fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá, wọn ò sì tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn. Mo ní mi ò ní wá. Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀, kó bá mi kà á fún wọn, torí ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí mi ò lè sọ lójú ọmọdé kí ohùn mi má yí.

Mufutau ni orúkọ mi, ọmọ Kemta ni mí, ní Abẹ́òkúta níbí. Iṣẹ́ wáyà ni mo ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ̀ jù ni wíwá ohun tó ń jẹ iná nínú ilé. Tí bíìlì iná bá ṣàdédé ga, tí ọkọ ń bá ìyàwó jà, tí onílé ń bá ayálégbé fa wàhálà, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pe Múfú wá."

Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní Ìtòkú, aṣọ náà ni bàbá tiẹ̀ tà. Nígbà tí mo sọ pé iṣẹ́ iná ni mo fẹ́ kọ́, ó wò mí títí. Ó ní, "Iná? Kí ni wọ́n ń tà nínú iná?" Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Ìparí àwọn ọdún 1970 nìyẹn, iná ń wọ àdúgbò tó pọ̀, àwọn èèyàn ń ra fíríìjì, wọ́n ń ra tẹlifíṣàn, mo sì rò pé ọ̀nà là.

Ọ̀gá Ṣóbándé ni wọ́n mú mi lọ bá. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ń lọ, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí, ṣòkòtò rẹ̀ sì máa ń ní ojú àyọ́ọ̀nù kódà lórí àkàbà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Tó bá ń lọ́ wáyà pọ̀, ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń lọ́ ọ, gbogbo wa tá a jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ ìlọ́ ọwọ́ rẹ̀ níbikíbi tá a bá ti rí i, torí apá òdìkejì ni tiwa máa ń kọ sí.

Odindi oṣù mẹ́rin, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà. Àpótí ló ní kí n gbé síwájú mítà ilé rẹ̀, kí n jókòó. Mítà ayé ìgbà yẹn ní àwo pẹlẹbẹ kan nínú, tó ń yí lẹ́yìn gíláàsì, àmì pupa kan sì wà létí rẹ̀. Bí iná tí ilé ń lò bá ṣe pọ̀ tó ni àwo yẹn á ṣe máa sáré tó. Ọ̀gá á sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó tan nǹkan kan nínú ilé, á wá dúró sẹ́yìn mi.

"Kí ló tàn?"

"Àyọ́ọ̀nù ni, sà."

"Parọ́ sí i. Ka àwo yẹn."

Màá kà á. Màá ní, "Sítóòfù oníná ni, sà."

"Ṣé o dé inú ilé ni àbí o ń méfò?"

"Àwo ló sọ fún mi, sà."

Tí mo bá gbà á, kò ní yìn mí. Tí mo bá ṣì í, á fi ìdí púláyà kan mí ní eegun ìka. Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa pé, mo lè wo àwo yẹn kí n mọ̀ pé gílóòbù méjì ló wà lórí, tàbí pé fíríìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá fẹ́ràn rẹ̀ ju bàbá tó bí mi lọ, èyí gan-an ló sì ba ayé mi jẹ́.

Ilé àkọ́kọ́ tó mú mi dání lọ, nítòsí ilé wa ní Kemta ni. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti ń fẹ̀sùn kan ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé òun ló mú bíìlì ga, pé ó ń fi àyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí iná. Ọmọ yẹn ti sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Ọ̀gá kí wọn, ó ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná, ó lọ sídìí mítà. Àwo dúró. Ó ní kí wọ́n máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. Nígbà tó kan fíríìjì, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rọ náà kò sinmi. Ó wá béèrè bébà, ó fi há ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, ó tì í, ó fi ìka méjì fa bébà náà. Bébà yọ jáde bíi pé kò sóhun tó dì í mú.

"Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yìí ti kú," ló wí. "Òtútù ń jáde tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìyàwó yín ò ṣe nǹkan kan, Màmá."

Ìyá àgbà yẹn wo ilẹ̀, ó wá ní, "Ìyàwó mi, má bínú." Ọmọ yẹn kúnlẹ̀, ó tún bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára. Mo rí i pé kì í ṣe iná nìkan là ń wá. Èèyàn tí wọ́n ń purọ́ mọ́ la ń dá láre.

Òfin Ọ̀gá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rú u. O ò gbọdọ̀ so wáyà mọ́ wáyà kó o sì fi símẹ́ńtì bò ó mọ́ ògiri. Tí wáyà bá kúrú, lọ ra òmíràn. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe é ní ilé kan ní Ìjemọ̀, torí pé oòrùn ń pa mí, ilé tí wọ́n ti kùn lọ́dà ni o, ó fún mi ní òòlù kí n fọ́ ògiri náà lójú onílé, ó tún ní kí n rẹ́ ẹ padà kí n kùn ún. Òfin kejì ni pé tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé òun ti tún nǹkan ṣe, kó o lọ wo mítà. Ó máa ń ní, "Kódà bó ṣe èmi."

Mo lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kemta. Ohun tí mo ń gbà kò tó nǹkan, ẹ má jẹ́ ká sọ ìyẹn.

Àwọn irinṣẹ́ ti ń yí padà nígbà náà. Gílóòbù tá a so mọ́ wáyà méjì la fi kọ́ṣẹ́, òun la fi ń dán ibi tí iná wà wò. Ẹnì kan wá bá mi ra ẹ̀rọ kan bọ̀ láti Èkó, ó ní ẹnu bíi ọmọ ìka akàn, èèyàn á fi gbá wáyà mú láìgé e, á sì sọ iye iná tó ń kọjá nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ han Ọ̀gá tayọ̀tayọ̀. Ó gbé e sókè, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. Ó ní, "Nọ́ńbà ibẹ̀ ti kéré jù. Gbé nǹkan ìṣeré rẹ lọ." Mo rò pé ìgbéraga ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kò rí i.

Ọ̀rọ̀ Aké ló kàn báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣónúgà, akọ̀wé ìjọba, ló háyà ilé kan níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onílé rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dúpẹ́, àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ìyá Dúpẹ́ ní fíríìsà kan ní ilé ìdáná, ó ń fi ta yìnyín àti omi tútù. Bíìlì iná wọn dà bí ti ilé alájà mẹ́ta. Ọkọ ní fíríìsà ni, kó tà á. Ìyàwó ní kì í ṣe fíríìsà òun. Wọ́n ti ń bára wọn yan odì nígbà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jọ̀ọ́, oníwáyà, ẹ bá mi wò ó. Tó bá jẹ́ fíríìsà mi, màá tà á. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ bá mi sọ fún un lójú mi."

Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ wà nílé. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan, kí wọ́n yọ fíríìsà kúrò lára ògiri. Mo lọ sídìí mítà. Àwo ń yí. Kò yí díẹ̀ o, ó ń yí bí ìgbà tí èèyàn gbé sítóòfù oníná kaná. Mo pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó.

"Kò sóhun tó tàn nínú ilé yìí," ni mo wí, "síbẹ̀ iná ń lọ."

Ìyá Dúpẹ́ pàtẹ́wọ́. "Mo sọ fún yín, Bàbá Dúpẹ́! Mo ní kì í ṣe fíríìsà mi!"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, "O ṣẹ́gun." Mo ṣì ń rí ẹ̀rín yẹn.

Mo wá ń yọ fiúsì inú àpótí iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, àwo ń yí. Ìkejì, ó ń yí. Bí mo ṣe yọ ìkẹta, ó dúró wọ́ọ́. Fiúsì yẹn ló ń gbé iná lọ sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Mo dé ilé ìwẹ̀, ògiri tó wà lẹ́bàá páìpù omi tutù. Mo béèrè bóyá wọ́n ti rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ ní, "Páìpù yẹn máa ń ṣe mí lọ́wọ́ bíi pé èèrà ń rìn lára mi. Mo rò pé òtútù ni."

Mo gé símẹ́ńtì ògiri náà díẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Wáyà méjì tí wọ́n so pọ̀ ló wà níbẹ̀, téèpù orí rẹ̀ ti jẹrà, omi ń sun sí i lára láti ara páìpù, iná sì ń gba inú ògiri tútù lọ sára irin páìpù, ó ń lọ sínú ilẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa. Ọwọ́ òsì ló lọ́ ọ.

Mo wá rántí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta iṣẹ́ mi, Ọ̀gá ti ṣe iṣẹ́ kan nínú ilé yìí, torí òun àti onílé jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Èmi wà ní Papalanto lọ́sẹ̀ náà, ó rán mi lọ síbi ilé mìíràn.

Mo fi fiúsì yẹn sápò. Mo sọ fún wọn pé wáyà ti gbó, pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan páìpù, pé màá padà wá. Mi ò sọ ẹni tó ṣe é. Mi ò sì tún un ṣe fúnra mi, èyí tí ì bá gbà mí ní ìdajì ọjọ́ péré. Mo fẹ́ kí Ọ̀gá wá bo àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí n má baà dójú tì í.

Mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rọra sọ ọ́.

Ó ní, "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà."

"O káre. Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ iná ilé ẹ̀kọ́ kan fún mi, onílé yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Màá lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, Ìyá Dúpẹ́ wá. Yìnyín rẹ̀ ti yọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ karùn-ún, ó tún wá. Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ.

"Mo ti ṣe é," ló wí, kò gbójú sókè kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀. "Dá fiúsì wọn padà."

"Ṣé ẹ ti lọ síbẹ̀, sà?"

Ó wá wò mí. "Múfú, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Tí mo bá ní mo ti ṣe é ńkọ́?"

"Ẹ ti ṣe é, sà."

Mo lọ sí Aké ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ wọn nìkan ló wà nílé. Mo ti fiúsì bọ ibi tó wà, mo gbọ́ tí fíríìsà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo jáde. Mítà wà lára ògiri ìta, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò wò ó. Bí mo bá ní mo gbàgbé, irọ́ ni. Mo rántí. Ó ń tì mí lójú láti yẹ iṣẹ́ ọ̀gá mi wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn sáré wá pè mí. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti tẹ́ Ìyá Dúpẹ́ sórí ẹní nínú àgbàlá, irun rẹ̀ ṣì tutù. Iná ti dé, ó gbà pé wọ́n ti tún un ṣe, ó lọ wẹ̀, ó fọwọ́ kan páìpù láti ṣí omi. Ọkọ rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀, kì í ṣe Ìyá Dúpẹ́ ló ń pè é, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló ń pè. Mo sáré lọ yọ fiúsì náà. Bí mo ṣe ń kọjá, mo rí àwo inú mítà. Eré ló ń sá.

Ọlọ́pàá mú mi. Mo lo ọjọ́ mẹ́rin ní àtìmọ́lé. Bàbá mi, alájì àgbà, ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹbí Ṣónúgà lójoojúmọ́, àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n mú mi lọ sí ilé náà kí wọ́n lè fọ́ ògiri. Onílé wà níbẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò wà níbẹ̀, Ọ̀gá Ṣóbándé náà wá, ṣòkòtò rẹ̀ ní ojú àyọ́ọ̀nù. Ìyàwó onílé sọ pé láti ọjọ́ tí mo ti yọ fiúsì, ẹnikẹ́ni ò wá sílé ìwẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́.

Wọ́n fọ́ ibi tí mo ti gé lára ògiri náà gbòòrò sí i. Ọlọ́pàá fi ìka tọ́ ìlọ́ wáyà yẹn. "Ta ló ṣe èyí?"

Mo wo Ọ̀gá. Mo dúró dè é kó sọ̀rọ̀. Mo ṣì gbà pé á sọ̀rọ̀.

Ó tẹ̀ síwájú, ó fojú súnmọ́ ọn gan-an. Ó ní, "Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ nìyí. Èmi ò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀."

Mo pariwo. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wo apá ibi tí wọ́n lọ́ ọ sí! Ọwọ́ òsì ni! Ta ló ń lo ọwọ́ òsì nínú gbogbo wa?"

Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Ṣé ẹ gbọ́ bí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ sí mi?" Àwọn àgbà sì pòṣé. Èmi ni wọ́n pòṣé sí o. Ọ̀kan nínú wọn ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Àwọn ẹbí Ṣónúgà ní àwọn ò lọ sílé ẹjọ́, àwọn fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n tú mi sílẹ̀. Ọ̀gá gba iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi tì ṣọ́ọ̀bù Kemta torí kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́, àwọn ìyá tó mọ̀ mí láti kékeré ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá. Bàbá mi kò sọ fún mi rí pé òun ti sọ fún mi. Kò pé ọdún méjì sígbà náà tó kú.

Ìyàwó Ọ̀gá wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ojú ọkọ òun ti ń lọ láti bí ọdún mélòó kan, òun ló ń bá a ka bébà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ní, "Múfú, ẹ̀rù ló bà á." Mo ní mo gbọ́, mà. Mi ò sọ fún un pé mo dárí jì í, torí mi ò dárí jì í. Nígbà tí Ọ̀gá kú, tí wọ́n ń sin ín, àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ wọ aṣọ funfun, wọ́n dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo wà ní Kemta níbí, mo jókòó sínú ilé.

Mo ṣiṣẹ́ náà lọ ṣá. Àwọn ìlú kéékèèké tí wọn ò ti mọ̀ mí ni mo ń lọ jù. Fiúsì kúrò nílẹ̀, wọ́n gbé èyí tó ń já fúnra rẹ̀ dé. Mítà aláwo kúrò nílẹ̀, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí dé. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ lọ kọ́ ọ, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ fọ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀. Tó bá bínú, kó bínú.

Ó ku ohun kan. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi láti Papalanto pé bíìlì iná òun ga. Mo wọ mọ́tò lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ṣónúgà ló ṣílẹ̀kùn. Orí rẹ̀ ti funfun. Mo fẹ́ padà, ó ní, "Wọlé. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Mo ní kí ó pa gbogbo nǹkan. Ó pa á. Ó tẹ̀ lé mi lọ sídìí mítà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń wo àwo náà. Ó dúró wọ́ọ́. Kò sóhun tó ń ṣe iná ilé náà.

"Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn gbà?" ló béèrè.

"Bí ìṣẹ́jú méjì, sà."

Ó mi orí. Gbogbo ohun tí mo ti kó sínú láti ọdún yẹn wá sí mi lẹ́nu, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló mọ̀, ọ̀gá mi ló ní òun ti—"

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọ̀gá rẹ," ló wí.

Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.